Ìdí Tí N Kò Fi Kúnlẹ̀ Nítorí Ẹ̀rọ Yàrá Káàdì

Ilé Bùrọ̀dá Bísíríyù,
Itamaga, Ìkòròdú.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2007.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kí yín kí n tó jókòó ti ìwé yìí. Ẹ kú àárẹ̀ ẹsẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Ṣé ikọ́ yẹn ti rọlẹ̀? Ṣé Ìyá ti ń rí ẹja tó dára rà ní etí ọ̀sà báyìí? Ọlọ́run Ọba kí ó fi àlàáfíà yí yín ká, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí èmi tí mo wà lókèèrè gbúròó ohun tí kò dára nílé. Ní tèmi, ara mi le. Àìsàn kankan kò ṣe mí àfi ìríra, ìyẹn náà sì ni mo fẹ́ kọ ránṣẹ́ sí yín.

Bùrọ̀dá Bísíríyù jíṣẹ́ yín fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní ẹ ní kí n lọ kúnlẹ̀ fún Ọ̀gá Ṣèyí lọ́la ọjọ́ Ajé lójú gbogbo òṣìṣẹ́, kí n bẹ̀ ẹ́, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá fi tirẹ̀ kún un: “Kúlúsúmù, ìkúnlẹ̀ kì í fọ́ orúnkún. Ọmọdé ni ọ́. Bóo jẹ̀bi, bóo jàre, ṣá ti bẹ̀bẹ̀.” Ẹ mọ̀ pé n kì í lè fi ẹnu jiyàn. Fóònù kò sì ṣeé fi sọ ọ́, torí kírẹ́díìtì á ti tán kí n tó dé ìdajì, àti torí pé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ẹni tó bá jókòó tì yín ni ẹ máa ń gbé fóònù fún pé kó bá yín gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tó jókòó tì yín. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kà á.

Ẹ rántí pé yàrá káàdì ni mo wà ní ilé ìwòsàn wa. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti kó àwọn káàdì bébà sínú àpò, tí wọ́n jù wọ́n sí ilé ẹrù lẹ́yìn táńkì omi, tí eku sì ti bímọ sínú wọn. Inú ẹ̀rọ kan ni orúkọ àti àìsàn gbogbo ènìyàn wà báyìí. Sáfà ni wọ́n ń pè é. Igun yàrá mi ló dúró sí, wáyà sì ni àwọn kọ̀ǹpútà yòókù fi ń bi í léèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́. Wíńdò kọ́ ló wà nínú rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, Línúsì ni. Línúsì kì í fi àwòrán báni ṣeré. Ọ̀rọ̀ ni èèyàn ń kọ sí i, ọ̀rọ̀ ló sì fi ń fèsì. Injiníà Tìrìmísíyù tó tò ó fún wa kọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó padà sí Yábàá, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Ohun tó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ń lọ ni pé: “Àǹtí, bó bá dá wàhálà sílẹ̀, má lù ú, má sì sáré pa á. Ka ohun tó kọ sílẹ̀.”

Nínú sáfà yìí, ètò kan wà tó jẹ́ pé òun ni olùtọ́jú àpótí. Ẹni tó bá fẹ́ wo káàdì ẹnìkan, ọwọ́ olùtọ́jú yìí ni yóò ti gbà á, olùtọ́jú á sì kọ orúkọ ẹni tó gbà á, ọjọ́ tó gbà á àti aago. Dókítà Mojúbàolú tó ni ilé ìwòsàn kò lè wo káàdì kí orúkọ tirẹ̀ náà má wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀gbin yìí ti jáde.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọjọ́ kejìlá, iná lọ ní aago méje àárọ̀. Bátìrì tó máa ń gbé sáfà ró títí wọ́n á fi tan jẹnẹrétọ̀ ti gbó. Kí wọ́n tó fa jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, sáfà ti kú. Nígbà tí iná dé, mo tàn án. Ẹ̀rọ jí, ṣùgbọ́n olùtọ́jú àpótí kò jí. Ọ̀rọ̀ pupa kan jáde pé kò lè bẹ̀rẹ̀. Mo tún pè é, ó tún kọ̀. Kí aago mẹ́jọ tó lù, aláìsàn mẹ́tàlélógójì ti wà lórí bẹ́ǹṣì, mo kà wọ́n, kò sì sí káàdì ẹyọ kan tí nọ́ọ̀sì lè rí. Aláboyún kan ń bèèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ó wà lára òun. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Bàbá, ẹ bá mi wo ohun tí àwọn alákọ̀wé ṣe. Màmá Fáṣínà, àgbà nọ́ọ̀sì wa, ní kí a pa á kí a tún tàn án. Wọ́n pa á, wọ́n tàn án, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹnìkan gbé fáànù kọjú sí i, ó ní ooru ló mú un. Ẹlòmíràn ní ẹ̀mí kan ló wọ̀ ọ́, ó sì ń gbàdúrà sí i lórí, tó di kíbọọ́dù mú bí ẹni di ọwọ́ aláìsàn mú. Ọ̀gá Ṣèyí, àbúrò Dókítà, tó jẹ́ alábòójútó ilé ìwòsàn, wọlé pẹ̀lú lọ́fínńdà rẹ̀ tó ń gbani lọ́fun, ó sì gbá sáfà létí bí ẹni gbá ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó kọ.” Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, “Ka kí ni? Ìwé ìròyìn ni? Òkú ń kọ̀wé ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá sún mọ́ mi, ó ní, “Èwo lo tẹ̀ tí kò yẹ kí o tẹ̀?” Ẹ̀rín sì tán lẹ́nu wọn.

Ó ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ó pe ọkùnrin kan wá láti ìsọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní ìdí ọjà. Ọkùnrin náà kò jókòó. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ, ó pòṣé, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀rọ òyìnbó àtijọ́ lẹ ń lò níbí o. Ẹ jẹ́ ká nu gbogbo inú ẹ̀ nù, ká fi Wíńdò sí i. Kó tó di ọ̀sán, ó ti tán.” Ọ̀gá Ṣèyí ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Káàdì ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn, Bàbá. Ẹni tí pẹnisílínì lè pa wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti la inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì wà níbẹ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ní kí wọ́n gbá ìdọ̀tí iwájú ìta. Àwọn méjèèjì sì jáde lọ wá fáìlì Wíńdò náà.

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá káàdì mọ́ ara mi, mo sì kà á. Ìwé kan wà tí olùtọ́jú máa ń kọ ìdí tí kò fi jí sí, kì í kọ ọ́ sójú gbangba. Mo ṣí i. Ìlà kan péré ni, Gẹ̀ẹ́sì sì ni, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ní èdè wa nìyí: Àpótí ìwé yìí ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló yẹ kí n lè wọ ibẹ̀, n kò ní bẹ̀rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí àìsàn kankan lára ẹ̀rọ náà. Kò gbóná, kò sí ẹ̀mí lára rẹ̀. Ó dé ibi iṣẹ́, ó rí i pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ sílẹ̀ gbayawu, ó ní òun kò lè jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa pe òun ní olùtọ́jú. Nínú gbogbo àwa tí a wà nílé ìwòsàn yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun nìkan lojú ń tì.

Mo wo àpótí náà, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ẹnìkan ti ṣí i fún onílé, fún àwọn ará ilé, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ: kí wọ́n kà á, kí wọ́n kọ sí i, kí wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n. Mo tì í padà mọ́ ará òde, mo tì í mọ́ ará ilé, ó ku olùtọ́jú nìkan, mo sì pè é. Ó jí ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan kígbe lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, “Ó ti dé o! Káàdì ti dé!” Mo bá aláboyún yẹn wá irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí n tó wá ti ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣí i. Èèyàn méjì péré ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń di ọ̀gá lórí sáfà: èmi àti Ọ̀gá Ṣèyí. Línúsì a máa kọ ẹni tó wọlé, a sì máa tọ́jú ohun tó tẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ni ẹnìkan fi orúkọ ọ̀gá wọlé láti orí kọ̀ǹpútà kẹrìnlá. Mọ́sáláṣí ni mo wà nígbà náà, ìrun Jímọ̀ ni mo ń kí. Kọ̀ǹpútà kẹrìnlá sì wà lórí tábìlì Ọ̀gá Ṣèyí. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kọ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó rí i kọ, bí ìgbà tí ẹnìkan ń pè é fún un lórí fóònù. Ó ṣí àpótí. Ó ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń wá orúkọ kan, orúkọ ọmọbìnrin kan, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí tí kò fi sí wàhálà láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ajé ni pé ìgbà tí olùtọ́jú bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìkan ló máa ń yẹ ilẹ̀kùn wò. Bó bá ti jókòó, kì í wẹ̀yìn mọ́.

Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn táńkì, mo bì. N kò tíì jẹun, omi lásán ni. Ọ̀gá Ṣèyí lè gba káàdì náà lọ́wọ́ olùtọ́jú, ó jẹ́ alábòójútó, olùtọ́jú ì bá fún un. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ì bá hàn. Nítorí kí orúkọ tirẹ̀ má bàa hàn níbì kan, ó ṣí orúkọ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn sílẹ̀.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi, ọjọ́, aago àti nọ́ńbà kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Ọ̀gá Ṣèyí padà dé tó rí i pé iṣẹ́ ti ń lọ, n kò rò pé yóò dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò ro èyí tó ṣe. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, “Ẹ ò rí nǹkan? Gbogbo wa là ń làágùn, Kúlúsúmù nìkan ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tó tì í náà ló ṣí i!” Màmá Fáṣínà fọwọ́ bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì tó kígbe ayọ̀ níṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ní, “Á à, Kúlú. Bó ṣe dákẹ́ yìí.” Bí mo bá ti jẹ́ kí wọ́n nu ẹ̀rọ náà nù, èèyàn dáadáa ni ǹ bá jẹ́ títí dòní.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Dókítà pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, àwa mẹ́jọ. Ó ní, “Kúlúsúmù, àbúrò mi ní ìwọ lo ba ẹ̀rọ jẹ́ kí a lè mọ̀ pé a kò lè ṣe é láìsí ẹ. Kí lo rí sí i?” Ìwé náà wà lábẹ́ apá mi. Bí mo bá ṣí i, ohun tí Ọ̀gá Ṣèyí ń wá á hàn, orúkọ ọmọbìnrin náà á sì jáde sí etí èèyàn mẹ́jọ tí n kò lè jẹ́rìí ọ̀kan nínú wọn pé kò ní sọ ọ́ délé. Mo ní mo fẹ́ bá Dókítà nìkan sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Ṣèyí ní, “Ohun tóo bá fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, sọ ọ́ lójú mi, àbí àṣírí kí ló wà láàárín yín?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ẹ mọ̀. Mo bá dákẹ́. Dókítà ní ẹni tó dákẹ́ ti jẹ́wọ́. Ó fún mi di ọjọ́ Ajé: kí n kúnlẹ̀ bẹ àbúrò òun níbi àdúrà àárọ̀, tàbí kí n máa lọ.

Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi ní irú ìdákẹ́ yẹn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ẹ fi ṣe wọléwọlé ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ ti wo inú àmù gbogbo ilé, ẹ ti wo ẹ̀yìnkùlé gbogbo, ẹ mọ ẹni tí ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ wó, ẹ sì mọ ẹni tó ń sùn lórí ilẹ̀ lásán tó sì ń wọ léèsì jáde. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí. Ìyá á bi yín, ẹ ó ní, “Omi ni mo lọ wò.” Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. N kò mọ̀ pé èmi náà ni yóò kàn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọbìnrin náà wá sí fèrèsé mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Ó dúró títí èèyàn fi tán, ó wá rọra ní, “Àǹtí, ta ló rí káàdì mi?” Mo mú un lọ sẹ́yìn táńkì. Ó ní ní ọjọ́ Sátidé, ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà òun rán èèyàn sí ilé àwọn ní Agbowa pé àwọn kò ṣe mọ́. Wọ́n ní àwọn ti ṣe ìwádìí, àwọn sì ti rí ohun tí àwọn rí. Àbúrò ìyàwó Ọ̀gá Ṣèyí ni ọkọ àfẹ́sọ́nà yìí. Ó wá yé mi pátápátá. Ẹ mọ bí ìwádìí ṣe ń rí láyé ìjọ́un: wọ́n á lọ jókòó ní ìsọ̀ tó wà nítòsí, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ arúgbó àdúgbò bóyá wèrè wà nínú ìdílé, bóyá olè wà níbẹ̀. Wọ́n á tiẹ̀ fi ojú ara wọn hàn. Àwọn ti òde òní kò lè rìn dé Agbowa. Wọ́n ní ẹnìkan wà ní ilé ìwòsàn, kó bá wọn yọjú wo inú àpótí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, torí tirẹ̀ ni. Kò sunkún. Ó ní, “Kí ló wá rí?” Mo sọ ohun tó rí. Inú àpótí náà, orúkọ èèyàn àti ohun tó bá wá lọ́tọ̀, èsì àyẹ̀wò lọ́tọ̀. Ìlà orúkọ rẹ̀ nìkan ni Ọ̀gá Ṣèyí rí, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó wá fún àyẹ̀wò éèdì. Kò mọ ibi tí èsì wà, kò tiẹ̀ wá a. Ó rí orúkọ, ó rí éèdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pa á dé. Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀yìn ti táńkì. Ó ní, “Àǹtí, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ní ká lọ ṣe é! Olùṣọ́àgùntàn wọn ló kọ lẹ́tà fún mi! Wọ́n ní wọn ò ní so wá pọ̀ tí n kò bá ṣe é!” Ó wá ń rẹ́rìn-ín. Bàbá, n kò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn mọ́ láyé mi.

Ẹ ó fẹ́ bi mí pé kí ni èsì náà. Bùrọ̀dá Bísíríyù náà ì bá bi mí. N kò ní sọ, ì báà ṣe dáadáa, ì báà má ṣe dáadáa. Bí mo bá sọ pé ti ẹnìkan mọ́ kí n lè gbà á sílẹ̀, lọ́jọ́ tí mo bá dákẹ́ lórí ti ẹlòmíràn, ìdákẹ́ mi á ti sọ ọ́. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n ṣí ìwé mi ní ọjọ́ Ajé. Ó ní òun á rò ó. Ó wọ mọ́tò Agbowa, n kò sì tíì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí tí mo fi ń kọ èyí.

Nítorí náà, Bàbá, lọ́la mi ò ní kúnlẹ̀, n kò sì ní sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń ṣe nílé wa. Mo mọ ẹni tó ń ra oògùn ikọ́, mo mọ ẹni tó ń san owó ilé-ìwé Toheeb àbúrò mi. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí yín, mo máa ń kúnlẹ̀ kí Màmá Fáṣínà láràárọ̀, kò sì dùn mí rí, torí ìkíni ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ yìí, ìjẹ́wọ́ ni. Bí orúnkún mi bá kan ilẹ̀ lọ́la, á di òótọ́ pé èmi ni mo ṣe é, Ọ̀gá Ṣèyí á di ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tó sì foríjì. Ẹ̀dà yẹn á sì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, títí ẹbí mìíràn á fi tún ní kó bá àwọn wádìí ẹnìkan.

Ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́.

Mo rò pé mo ti parí lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìyókù lẹ́nu mi kí Bùrọ̀dá Bísíríyù tó fi iyọ̀ sí i.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, wọ́n ti gbé àga kan sí iwájú fún Ọ̀gá Ṣèyí. Màmá Fáṣínà ti tẹ́ ẹní kékeré síwájú àga náà, kí sìmẹ́ńtì má bàa dùn mí. Ó ṣẹ́jú sí mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Ọmọ mi, kíá báyìí, ó tán.” Èèyàn dáadáa ni Màmá Fáṣínà. Ìyẹn gan-an ló rí mi lára jù. Wọ́n gbàdúrà tán, gbogbo ojú wá sára mi. Mo dúró níbi tí mo wà. Ọ̀gá Ṣèyí ní, “À ń dúró dè ọ́ o, injiníà.”

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọbìnrin náà ló wọlé, ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n ti wọ mọ́tò àkọ́kọ́ láti Agbowa. Ó kí Dókítà, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún, orúkọ bàbá rẹ̀ àti orúkọ àdúgbò rẹ̀. Ó ní, “Wọ́n ti ń pe orúkọ yìí kiri láti bí ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí èmi náà pè é. Mo wá béèrè ẹni tó wo káàdì mi.” Ó yíjú sí mi, ó ní, “Àǹtí Kúlúsúmù, ẹ ka ìwé yín.”

Mo kà á. N kò fo ìlà kankan: ọjọ́, aago, kọ̀ǹpútà kẹrìnlá, ohun tí wọ́n ṣí, ibi tí wọ́n kó o lọ. Mo ní gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú sáfà, kí Dókítà wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ọ̀gá Ṣèyí kò sẹ́. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Kí wá ni? Ìwádìí lásán ni! Ṣé ẹ̀yin kì í wádìí ọmọ kẹ́ ẹ tó fẹ́ ẹ ni?” Àwọn kan mi orí. Bàbá, mo rí wọn, wọ́n mi orí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ gidi ló sọ.

Dókítà ní kí wọ́n lọ ra mínírà wá fún ìyá ọmọbìnrin náà, ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kò yẹ kó dé etí ìta. Ìyá náà ní òun kò mu mínírà. Ọmọbìnrin náà ní òun kò wá gba ẹ̀bẹ̀, kí wọ́n kàn pa ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà kẹrìnlá rẹ́ lójú òun. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Dókítà wò mí. Mo lọ jókòó sórí àga Ọ̀gá Ṣèyí, mo wá a rí, mo pa á rẹ́, mo sì wò káàkiri bóyá ó ti kó o síbòmíràn. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka gbogbo ohun tí mò ń tẹ̀. Ohun mímọ́ kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn.

Ṣé ẹ rò pé ó tán? Nígbà tí wọ́n lọ tán, Dókítà pè mí padà síwájú gbogbo èèyàn. Ó ní mo ṣe dáadáa, òun ti gbọ́ òótọ́. Ó ní ṣùgbọ́n bó ti wù kó rí, mo ti dójú ti àbúrò òun ní gbangba, ọmọdé ni mí, kí n ṣáà kúnlẹ̀ díẹ̀, kí ara lè tu gbogbo èèyàn, iṣẹ́ mi ṣì wà níbẹ̀. Ẹní náà ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀gá Ṣèyí ti tún jókòó. Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Mo gba bébà, mo kọ ọ̀rọ̀ àṣírí sáfà sí i, mo fi í sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Dókítà. Mo ní, “Ẹ ṣeun sà. Ó dàbọ̀.” Mo mú àpò mi. N kò gba orí ẹní náà kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo gbà.

Ẹ má bínú pé n kò jíṣẹ́ tí ẹ rán mi. Ní Sátidé, mo ń bọ̀ nílé pẹ̀lú ẹrù mi. Nígbà tí mo bá dé, n ó kúnlẹ̀ kí yín, n ó sì pẹ́ nílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Ọlọ́run kí ó fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle, kí ó pa àṣírí ilé wa mọ́, kí ó sì má fi ohun ìkọ̀kọ̀ wa lé ọwọ́ ẹni tí kò ní ìtìjú. Ẹ bá mi kí Ìyá, ẹ bá mi kí Toheeb.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó ń fi yín ṣe àwòkọ́ṣe,

Kúlúsúmù Bàdírù.

Ọ̀rọ̀ ìparí: Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wá sí Ẹ̀pẹ́ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ṣèyí wá wádìí mi, kí wọ́n lè rí nǹkan sọ. Bó bá dé, ẹ sọ gbogbo ohun tó bá bèèrè nípa mi fún un, kò sí ohun tí mo fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bó bá bi yín léèrè ọmọbìnrin yẹn, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì sìn ín dé ibùdókọ̀.